Ìbéèrè Lórí Wàràkàṣì

Tancredi, jókòó. Oníbàárà míì ò tíì dé.
Wàràkàṣì rẹ nìyí, ìdajì kílò, bí ìṣe rẹ.
Ṣùgbọ́n kí n tó wé e,
dá mi lóhùn.

Ṣé lóòótọ́ ni, pé ní bí ọgọ́rùn-ún mítà sábẹ́ pápá mi,
níbi tí Pervenche ti ń jẹko,
nǹkan tí ojú ò lè rí ń sáré yí po,
ìgbà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá kí n tó ṣẹ́jú kan,
tó ń ti Faransé wọ Switisalandi, tó ń ti ibẹ̀ padà,
tí aṣọ́bodè kankan ò sì bi í ní ìwé ìrìnnà?
Èmi gbé garawa wàrà méjì kọjá lánàá,
wọ́n tú bùùtù mọ́tò mi dé ìdí táyà.

Pervenche ńkọ́, ṣé kì í gbọ́ ọ ni?
Kí ló ń gbórí sókè wò lálẹ́?
O rẹ́rìn-ín. O ní òṣùpá ló ń da ihò yín láàmú ju màlúù lọ,
pé bó bá ti ń gòkè, ilẹ̀ á wú díẹ̀
bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà ti dé inú rẹ̀,
ihò á gùn sí i ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́,
ẹ̀yin á tún ìṣirò ṣe.
Mo mọ̀ pé òṣùpá ń fa òkun.
N ò mọ̀ pé ó ń fa Crozet.

O tún ní òòfà yín tutù ju ààrin ìràwọ̀ lọ.
Kí ló wá dé tí ẹ fi ń pa ẹ̀rọ náà nígbà òtútù?
Owó iná.
Háà. Èmi náà ti pa ẹ̀rọ ìfúnwàrà kejì.

Ẹ ju ẹyin lu ẹyin: ó yé mi.
Ẹ ń tú èéfọ́ rẹ̀ wò: ìyẹn náà yé mi,
àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀.
Ṣùgbọ́n o ní ẹ rí àkùkọ nínú èéfọ́ ẹyin méjì,
o ní lọ́jọ́ kan ẹ rí ẹṣin.
Kò sí ẹṣin nínú ẹyin, Tancredi.
O ní eré tí wọ́n ń sá bọ̀ ló di ẹṣin.
Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì há mi lọ́fun.

Anselme wà lára àwọn tó gbẹ́ ihò yẹn
nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.
Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó gba owó ọ̀sẹ̀,
ó gbé òkúta kan wálé nínú àpò oúnjẹ rẹ̀.
Òun ni mo fi ń tẹ wàràkàṣì láti ọjọ́ náà.
Òun ló tẹ èyí tó wà níwájú rẹ.

Ibo ni ìwúwo rẹ̀ ti wá?

Wò ó, o ti mú pẹ́ńsù,
o ń ya nǹkan sórí bébà tí mo fẹ́ fi wé ọjà.
O ní ohun kan wà tó kún ibi gbogbo bí ìrì,
tó ń fún àwọn wóńwé ní ìwúwo, ẹ wá a, ẹ rí i,
ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré nínú ìwúwo òkúta.
Èyí tó pọ̀ jù, o ní, eré ni:
àwọn wóńwé tó wà láhàámọ́ nínú rẹ̀
ń sá sọ́tùn-ún, ń sá sósì, wọn ò sinmi rí,
eré yẹn la sì ń gbé bí a bá gbé òkúta.

Èmi tí mo rò pé ó jókòó.
Ogójì ọdún ló ti ń sáré lórí wàràkàṣì mi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.
Kí ló wà lẹ́yìn èyí?
O ní o ò mọ̀.
O sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń dárúkọ ìyá rẹ̀.
Dókítà tó tọ́jú Anselme ò lè sọ bẹ́ẹ̀,
ó ń wo bàtà rẹ̀.

Yúrò mẹ́sàn-án ni.
Rárá, fi bébà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀.
Òmíràn ni màá fi wé tìrẹ.